Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ: Ibi Tí Ó Yẹ Kí Iṣẹ́ Ọmọdé Mọ

Àwọn àgbà Yorùbá a máa pa á lówe pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Apá kejì òwe yìí, èyí tí ó sọ pé ọmọdé wúlò fún àgbà, ni àwọn òbí sábà máa ń dì mú nígbà tí wọ́n bá ń wí àwíjàre iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ọmọ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, apá kìn-ín-ní ni ó pààlà, nítorí ó fi hàn pé iṣẹ́ kan wà tí ara ọmọ kò tíì tó, tí ó jẹ́ ti àgbàlagbà nìkan.

Ní àwọn abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà tí ó yí Ìbàdàn ká, ọmọ àgbẹ̀ a máa pọnmi, a máa lé ẹyẹ lóko, a sì máa ti ibẹ̀ kọ́ iṣẹ́ baba rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bú u. Ohun tí ó ń kọ ará ìlú lóminú ni fífi ọmọdé ṣòpò, ìyẹn ni fífún ọmọ ní iṣẹ́ tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, tí ó lè pa á lára, tàbí tí kò jẹ́ kí ó lọ sí ilé-ìwé. Ọmọ tí ó ń fín oògùn sí igi kòkó, tí ó ń bó ẹ̀gẹ́ láti ìdájí níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí, tàbí tí ó ń kiri ọjà lẹ́bàá títì nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì, ti kúrò lábẹ́ ẹ̀kọ́ ilé.

Òfin kò ta ko òwe náà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe irú rẹ̀ ní 2006, ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Ó gbà kí ọmọ ṣe iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lóko tàbí nínú ilé fún ẹbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ka iṣẹ́ ipá àti ẹrù wúwo tí yóò dí ìdàgbàsókè rẹ̀ lọ́wọ́ léèwọ̀. Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2022 fi hàn pé àwọn ọmọ ọdún 5 sí 17 tí ó wà nínú òpò yìí ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 24.

Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 kó ọ̀pọ̀ ọmọ kúrò lóko, ṣùgbọ́n owó aṣọ, ìwé àti ọkọ̀ ṣì wà lọ́rùn òbí. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó yẹ kí wọ́n kọ ebè ti lọ gun ọ̀kadà nígboro, owó alágbàṣe sì ti wọ́n; nígbà tí òjò bá dé, àgbẹ̀ tí kò lówó lọ́wọ́ kò ní ẹlòmíràn ju ọmọ rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ó yẹ kí baálẹ̀ àti ọ̀gá ilé-ìwé máa wádìí ọmọ tí kò bá wá sí kíláàsì lọ́jọ́ ọjà, kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sì máa yá àgbẹ̀ lówó tí yóò fi gba alágbàṣe, nítorí òfin tí kò bá dín ìnira òbí kù kò lè gba òpò lọ́wọ́ ọmọ.