Ọjọ́ Mẹ́rin Ṣáájú, Ọjọ́ Mẹ́rin Lẹ́yìn: Ìtàn Olú Huautla

Kì í ṣe gbogbo olú là ń fi se ọbẹ̀. Lórí àwọn òkè Oaxaca, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, olú kéékèèké kan wà tí àwọn ará Mazatec kì í kà mọ́ oúnjẹ. Ìgbà òjò ló máa ń hù. Ọmọ mímọ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ yóò máa rí ohun tí ojú lásán kì í rí, fún bíi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Torí náà, wọn kì í já a sẹ́nu bákan ṣáá. Jíjẹ rẹ̀ ní ètò, ìgbà tí a bá jẹ ẹ́ tán náà sì ní ètò tirẹ̀. Ìtàn ètò yẹn la fẹ́ sọ: bí àwọn àlejò ṣe gbé olú lọ tí wọ́n fi ètò sílẹ̀, àti iye ọdún tó gbà kí wọ́n tó padà wá a.

Ìtàn náà kò ṣeé sọ ká má dárúkọ María Sabina, obìnrin oníwòsàn kan ní ìlú Huautla de Jiménez. Kò mọ̀wé kọ, kò mọ̀wé kà, èdè Mazatec nìkan ló ń sọ. Ó sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún Álvaro Estrada, tó jẹ́ ọmọ Mazatec bíi tirẹ̀, ìwé náà sì jáde lọ́dún 1977. Ibẹ̀ la ti gbọ́ ètò náà lẹ́nu ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ olú kò gbọdọ̀ bá ọkùnrin tàbí obìnrin lò pọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, àti fún ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Òru ni wọ́n ń ṣe é, inú òfìfo ni wọ́n sì fi ń jókòó tì í. Wọn á fi èéfín tùràrí fín olú náà, wọn á pín in ní méjì-méjì, wọn á jẹ ẹ́ níwájú àwòrán àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì, wọn á wá pa àbẹ́là. Láti ìgbà yẹn títí ilẹ̀ yóò fi máa mọ́, ìyá oníwòsàn ni yóò máa kọrin, yóò máa pàtẹ́wọ́, yóò máa gbàdúrà. Ohùn rẹ̀ ni okùn tí àwọn yòókù ń dì mú nínú òkùnkùn.

Ọwọ́ líle ni ìyá yìí fi mú ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin yẹn. Ní gbogbo ọdún tó fi wà nílé ọkọ, kò fẹnu kan olú rárá, torí obìnrin tó wà lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ kò lè pa òfin náà mọ́ bó ṣe yẹ. Ìgbà tó di opó ló tó padà sídìí iṣẹ́ náà. Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: àìsàn ló ń gbé èèyàn wá bá a. Ó sọ ọ́ kedere pé kí àwọn àlejò tó dé, kò sẹ́ni tó ń jẹ olú torí àtirí Ọlọ́run lásán. Aláìsàn ni wọ́n ń jẹ ẹ́ fún. Ẹni tó bá wá ti mọ ohun tó wá béèrè kó tó jókòó.

Lóru ọjọ́ 29, oṣù kẹfà, ọdún 1955, R. Gordon Wasson jókòó sínú ètò yìí. Òṣìṣẹ́ àgbà ni ní ilé ìfowópamọ́ J.P. Morgan ní New York, òun àti ìyàwó rẹ̀ Valentina sì ti ń ṣèwádìí nípa olú láti ọ̀pọ̀ ọdún. Allan Richardson, ayàwòrán, wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìjòyè ìlú kan, Cayetano García, ló mú wọn lọ bá María Sabina. Nígbà tí ìyá náà ń sọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀la, ó ní ẹni tó wà nípò àṣẹ ló bẹ òun, òun kò sì rí bí òun ṣe lè kọ̀. Ara àwọn àlejò náà le koko, wọn ò ní àìsàn kankan. Ó ṣe é fún wọn ṣá.

Wọ́n yàwòrán. Wọ́n sì bẹ Wasson pé kó má ṣe fi àwòrán náà han ẹnikẹ́ni àfi àwọn tó bá fọkàn tán. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún 1957, àwòrán náà jáde nínú ìwé ìròyìn Life, tí àìmọye èèyàn ń rà ní Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni pé Wasson yí orúkọ ìyá náà padà, ó pè é ní Eva Méndez. Ṣùgbọ́n kí ni orúkọ fẹ́ bò nígbà tí ojú ti wà níta? Wọ́n wá a rí.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún méjì yẹn tó yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀. Lọ́dún 1956, Wasson padà lọ sí Huautla, onímọ̀ kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ James Moore sì bá a lọ. Wasson ò mọ̀ pé CIA ló rán an: àjọ aṣàmí náà ń wá oògùn tí wọ́n lè fi darí ọkàn èèyàn. Wọ́n jọ wọ ilé kan náà, wọ́n jọ jẹ olú kan náà, wọ́n jọ gbọ́ orin kan náà. Inú Wasson dùn. Moore ní tirẹ̀, inú ń run ún, ara ń yún un, gbogbo nǹkan ìlú náà sì sú u. Aṣàmí wá síbi àdúrà, kí ló fẹ́ rí níbẹ̀?

Ní Switzerland, Albert Hofmann yọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú olú náà jáde lọ́dún 1958, ó pè é ní psilocybin. Nígbà tó di ọdún 1962, ó tẹ̀ lé Wasson lọ sí Huautla, ó kó oògùn oníhóró tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ fún María Sabina pé kó dán an wò. Ìyá náà ní agbára kan náà ló wà nínú méjèèjì. Inú rẹ̀ dùn pé òun á lè tọ́jú èèyàn nígbà tí olú ò bá sí. Àwa rí ọ̀rọ̀ yìí bí ọ̀rọ̀ ẹni tó mọṣẹ́: ibi yòówù kí oògùn ti wá, ètò ìyá náà ló máa bá pàdé.

Ọdún 1962 yẹn kan náà, ní Ọjọ́ Ẹtì Rere tí àwọn Kristẹni ń rántí ikú Jésù, dókítà kan tó tún jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Harvard, Walter Pahnke, kó ogún akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmọ̀ ẹ̀sìn jọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Marsh, ní Yunifásítì Boston. Wọ́n fún mẹ́wàá ní psilocybin, wọ́n fún mẹ́wàá ní fítámì kan tó kàn ń mú ara gbóná. Wọ́n jókòó sí ìsàlẹ̀ ilé, wọ́n ń gbọ́ ìwàásù Howard Thurman láti òkè. Pahnke gbìyànjú o. Ó pín wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké kí wọ́n lè mọ ara wọn ṣáájú, ó sì yan amọ̀nà méjì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó lo psilocybin ló rí ohun tí wọn ò gbàgbé mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn sá jáde sí títì, ó gbà pé iṣẹ́ Ọlọ́run wà lẹ́nu òun tí òun gbọ́dọ̀ jẹ́ fún aráyé. Wọ́n sá tẹ̀ lé e, wọ́n mú un padà, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kí ara rẹ̀ lè wálẹ̀.

Pahnke ò kọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn sínú ìwé rẹ̀. Ó di ọdún 1991, nígbà tí Rick Doblin tọpasẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí aráyé tó gbọ́. Àwọn yòókù tí Doblin bá sọ̀rọ̀ ṣì ń fi ayọ̀ rántí ọjọ́ náà. Ọkùnrin yìí ò sí lára wọn. Ohun tó dùn wá jù nìyẹn: àwọn amọ̀nà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n sáré, wọ́n gbà á mú, àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn ò rí i mọ́ nínú ìtàn.

Ohun tó kàn lẹ́yìn ìyẹn ò le láti sọ. Àwọn ọ̀dọ́ rọ́ lọ sí Huautla, wọ́n ń jẹ olú lọ́sàn-án gangan, láìgbààwẹ̀, láìní ìbéèrè. Ọlọ́pàá fẹ̀sùn kan María Sabina pé oògùn olóró ló ń tà. Iná jó ilé rẹ̀. Àwọn sójà dí ọ̀nà ìlú. Amẹ́ríkà fòfin de psilocybin lọ́dún 1970, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe tirẹ̀ lọ́dún 1971. Ìyá náà sọ fún Estrada pé láti ìgbà tí àwọn àlejò ti dé, agbára àwọn ọmọ mímọ́ ti ń dín kù. Ó kú ní ọjọ́ 22, oṣù kọkànlá, ọdún 1985, nínú ìṣẹ́.

Ọdún 2006 ni Roland Griffiths àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins tẹ ìwádìí wọn jáde. Èèyàn 36 ni wọ́n lò. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó gbé oògùn mì, ó ti lo nǹkan bíi wákàtí 8 pẹ̀lú amọ̀nà rẹ̀: wọ́n jọ sọ̀rọ̀ nípa ayé rẹ̀, nípa ìdílé rẹ̀, nípa ohun tó ṣeé ṣe kó bà á lẹ́rù. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá lò ó, wọ́n ń dá a dùbúlẹ̀ lórí àga gbọọrọ nínú yàrá tí wọ́n ṣe bíi pálọ̀, wọ́n ń fi nǹkan bò ó lójú, orin ń dún sí i létí, amọ̀nà ò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n tún ń padà wá jókòó lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹni náà sọ ohun tó rí, kó sì wo ibi tí yóò fi í sí nínú ayé rẹ̀. Ẹ̀rù ńlá ba 11 nínú àwọn 36 náà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó sá lọ sí títì. Òkùnkùn, orin, ẹni tí kì í kúrò: ta ni ò ní rántí yàrá María Sabina?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, àwọn ará ìpínlẹ̀ Oregon dìbò pé kí psilocybin bófin mu lọ́wọ́ amọ̀nà tó gba ìwé àṣẹ. Ọdún 2023 ni àwọn ilé tí wọ́n ti ń lò ó ṣílẹ̀kùn. Òfin náà sọ pé dandan ni kí èèyàn kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú amọ̀nà ṣáájú, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní fún un. Ìjókòó ti ẹ̀yìn ńkọ́? Amọ̀nà gbọ́dọ̀ fi lọ̀ ọ́. Bí oníbàárà bá ní òun ò ṣe, ó lè máa lọ sílé.