Akéde Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò kò mọ orúkọ yín. Síbẹ̀, ohùn rẹ̀ ń dé Kétu, ó ń dé Ṣábẹ̀ẹ́, ó ń dé Àjàṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á tẹ́tí sí i, ẹni tí kò kàn á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìkéde ṣe ń kárí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì. Ẹ má sì rò pé àfiwé lásán ni: láti inú rédíò ni wọ́n ti mú ọgbọ́n náà.

Àwọn erékùṣù Hawaii, láàárín òkun Pasífíìkì, ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì ibẹ̀ ní kọ̀ǹpútà ńlá kan ní Honolulu, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ lò ó wà káàkiri, omi sì pín erékùṣù sí erékùṣù. Owó wáyà tẹlifóònù pọ̀. Ní 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi rédíò ṣe é. ALOHAnet ni wọ́n pè é. Ẹ̀rọ tó bá ní ọ̀rọ̀ á kàn sọ ọ́. Bí èsì kò bá padà wá, á mọ̀ pé ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ òun àti ti ẹlòmíràn ti forí gbárí. Á dúró díẹ̀, á tún un sọ. Ẹ ti rí i ní ìpàdé yín: bí ẹni méjì bá jọ lanu, àwọn méjèèjì á dákẹ́, ọ̀kan á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Bob Metcalfe, tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí Xerox ní California, ka ohun tí Abramson kọ. Ní 1973, òun àti David Boggs bẹ̀rẹ̀ sí fi ọgbọ́n rédíò yẹn sínú wáyà kan tó gba inú ọ́fíìsì kọjá. Ethernet ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo kọ̀ǹpútà tó so mọ́ wáyà náà ló ń gbọ́ ohun gbogbo, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹni tí wọ́n rán ọ̀rọ̀ sí wà níwájú ọ̀rọ̀ náà.

Bí a bá wá fẹ́ bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ ńkọ́? Nínú ìlànà tí Digital, Intel àti Xerox gbé jáde ní 1980, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì 48, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0 tàbí 1. Bí gbogbo 48 bá jẹ́ 1, gbogbo ilé ni ọ̀rọ̀ náà wà fún. Agogo akéde nìyẹn. Kì í sì í kọjá ààlà: ẹ̀rọ tó so ọ́fíìsì kan mọ́ òmíràn máa ń dá a dúró. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, agogo gbogbo ìlú ì bá máa dún papọ̀.

Windows NT, tó jáde ní 1993, fi ọgbọ́n yìí sí ọwọ́ ènìyàn. Alábòójútó á tẹ àṣẹ “net send”, àpótí kékeré kan á sì yọ lójú kọ̀ǹpútà gbogbo: ẹ tọ́jú iṣẹ́ yín, a fẹ́ pa ẹ̀rọ ńlá. Ẹni tó ti ń tẹ ìwé láti òwúrọ̀ á tètè tọ́jú rẹ̀. Ohun rere ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kì í béèrè pé ta ni akéde. Nígbà tí kọ̀ǹpútà púpọ̀ di ara íntánẹ́ẹ̀tì láìní ọgbà, àwọn olùpolówó ọjà rí ọ̀nà. Agogo kò lè kọjá ààlà, nítorí náà wọ́n ń kan ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà tẹ̀lé nọ́ńbà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2003, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà pe ilé-iṣẹ́ kan lẹ́jọ́. Kí ni wọ́n ń polówó? Ètò tó ń dá irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ dúró! Ẹni tó ń da omi sí yín lára ló ń ta agboòrùn fún yín.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2004, Microsoft ti ilẹ̀kùn náà nínú àtúnṣe ńlá kejì tí wọ́n ṣe sí Windows XP. Nígbà tí Vista dé ọjà ní 2007, kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Lónìí, ẹni tó fẹ́ kéde ní ọ́fíìsì sábà máa ń gba inú ètò tó ń béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé. Àmọ́ láàárín àwọn ẹ̀rọ fúnra wọn, agogo àtijọ́ ṣì ń dún. Bí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì, ó sábà máa ń ké sí gbogbo ilé pé òun ti dé, kí ẹni tó ń pín nọ́ńbà fún òun ní tòun.