Pàṣán, 'symbole' àti mónítọ̀: Bí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe ń kọ́ ọmọdé níwà láti igba ọdún sẹ́yìn

Bí ẹ bá lọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ó ṣeé ṣe kí ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí.

Tíṣà jáde ní kíláàsì. Mónítọ̀ dìde, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn aláriwo sójú pátákó. Bí tíṣà bá padà dé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ yóò na ọwọ́ gba pàṣán.

Orúkọ tèmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ mi ò lanu sọ̀rọ̀. Mónítọ̀ wa ló ní kí n fún òun ní bisikíìtì mi lásìkò ìsinmi, mo sì kọ̀. Ẹgba mẹ́rin ni mo jẹ.

Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà kì í ṣe pé ariwo kò dára. Ohun tí mo kọ́ ni pé kí n máa fún mónítọ̀ ní bisikíìtì.

Ìgbà tí mo di akọ̀ròyìn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ mónítọ̀ yẹn ní ìtàn, ìtàn náà sì gba Lọ́ńdọ̀nù, Senegal àti Freetown kọjá kó tó dé kíláàsì wa.

Ta ló mú mónítọ̀ wá?

Ní ọdún 1798, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Joseph Lancaster bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ tálákà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọmọ pọ̀, owó kò sí láti gba olùkọ́ púpọ̀.

Ọgbọ́n tó dá ni pé kí àwọn ọmọ tó ti mọ̀wé díẹ̀ máa kọ́ àwọn tó kéré sí wọn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ń pè ní mónítọ̀. Andrew Bell, tó jẹ́ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, ti dán irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ wò ṣáájú ní Madras, ní ilẹ̀ Íńdíà.

Ọmọ ìjọ Quaker ni Lancaster, kò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa na ọmọ. Ó ń fún ọmọ tó bá hùwà dáadáa ní tíkẹ́ẹ̀tì, ọmọ náà á sì kó o jọ títí yóò fi tó gba ẹ̀bùn. Ó tún ń fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ àwọn mìíràn láyà.

Ṣùgbọ́n fún àwọn tó bá ṣẹ̀, ìtìjú ló fi rọ́pò pàṣán. Ó máa ń so igi mọ́ ọmọ lọ́rùn, ó sì máa ń fi àwọn mìíràn sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n á fà sókè àjà níṣojú gbogbo ẹgbẹ́ wọn.

Oríyìn lápá kan, ìtìjú lápá kejì: méjèèjì ló jọ wọ ọkọ̀ wá sí Áfíríkà.

Saint-Louis àti Freetown

Ní ọdún 1817, olùkọ́ ọmọ Faransé kan, Jean Dard, ṣí ilé ẹ̀kọ́ ní Saint-Louis, ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Senegal lónìí. Ètò mónítọ̀ yìí náà ló lò.

Ohun tó yàtọ̀ ni pé èdè Wolof ni Dard fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà, kó tó mú èdè Faransé wọlé. Lẹ́yìn náà ló tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Wolof àti ìwé gírámà rẹ̀ jáde. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, àwọn tó rọ́pò rẹ̀ pa Wolof tì.

Ní Sierra Leone, ọmọ Yorùbá kan jẹ nínú ètò yìí. Ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní ìlú Òṣogùn. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tó ń kó o lọ, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown.

Crowther fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ pé láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, òun ti lè ka Májẹ̀mú Titun. Wọ́n fi ṣe mónítọ̀, wọ́n sì ń san pẹ́nì méje àtààbọ̀ fún un lóṣù.

Ọmọ tí wọ́n tà lẹ́rú láìpẹ́, tí kò ní ìyá tàbí bàbá lọ́dọ̀, wọ́n fọkàn tán an, wọ́n fún un níṣẹ́, wọ́n sì sanwó rẹ̀. Ní 1864, Samuel Ajayi Crowther di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà.

Èyí ni ojú tó dára tí iṣẹ́ mónítọ̀ ní: iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀san. Ìgbà tí iṣẹ́ náà di ti ẹni tó ń kọ orúkọ ẹlòmíràn fún ẹgba ni ojú kejì yọ.

Ǹjẹ́ àṣà wa ni pàṣán?

Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé oyinbo ló ní ká má na ọmọ, àti pé ẹgba ni àwọn baba wa fi tọ́ wa. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́.

Kí ilé ẹ̀kọ́ oyinbo tó dé ni ilé kéwú ti wà ní Kano, Katsina, Timbuktu àti ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn. Bùlálà wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Hausa àti Yorùbá ń lò fún un.

Ṣùgbọ́n ayẹyẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tó bá ka Kùránì parí, àwọn òbí rẹ̀ yóò se oúnjẹ, wọ́n á pe ará àdúgbò, wọ́n á wọṣọ fún un. Wòlímọ̀ ni àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ń pè é. Ọmọ tó ń wo ayẹyẹ ẹlòmíràn mọ ohun tó wà níwájú òun bí òun bá tẹra mọ́ wàláà òun.

Yorùbá náà sì ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjì ni òwe yẹn ní. Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì, ọ̀kan péré ló dé ibẹ̀.

'Symbole': igi tí wọ́n ń kọ́ sọ́rùn ọmọ

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1924, ìjọba amúnisìn Faransé ṣe òfin ètò ẹ̀kọ́ fún gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Òfin náà ní èdè Faransé nìkan ni kí wọ́n máa sọ ní ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ fi èdè ìbílẹ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fi ń mú àṣẹ náà ṣẹ ni wọ́n ń pè ní 'symbole'. Ó lè jẹ́ ègé igi, ó lè jẹ́ egungun tàbí agolo àtijọ́.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí:

• Ọmọ àkọ́kọ́ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ni wọ́n á kó nǹkan náà fún láti gbé kọ́rùn tàbí mú dání.

• Kò lè bọ́ nínú rẹ̀ àfi bó bá rí ẹlòmíràn tó sọ èdè ìbílẹ̀, tó sì fà á lé e lọ́wọ́.

• Ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá parí ni yóò jìyà.

Bernard Dadié, òǹkọ̀wé ọmọ Ivory Coast, kọ nípa ìyà yìí nínú ìwé rẹ̀ *Climbié*, tó jáde ní 1956. Faransé kò sì dá a sílẹ̀ fún Áfíríkà nìkan: wọ́n ti fi jẹ àwọn ọmọ Brittany níyà ní ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, nítorí pé àwọn náà ní èdè tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ọmọdé ń kọ́ níbẹ̀. Láti gba ara rẹ̀ là, ó ní láti tan ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó sì fi í sùn. Ilé ẹ̀kọ́ ń pè é ní ìwà rere. Nínú ilé wa, ọ̀dàlẹ̀ là ń pe ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso náà kò mọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló ti san owó ìtanràn tàbí gbé pátákó kọ́rùn nítorí pé wọ́n sọ Yorùbá, Ígbò tàbí Hausa nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́.

'Ìwà' wọ inú ètò ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Ní 1920 sí 1921, ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes láti Amẹ́ríkà yí ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti wo àwọn ilé ẹ̀kọ́. James Aggrey, ọmọ Gold Coast tó ń jẹ́ Ghana lónìí, wà lára wọn.

Lẹ́yìn ìròyìn wọn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà ẹ̀kọ́ jáde ní 1925, ó sì fi ẹ̀kọ́ ìwà sí ipò pàtàkì. Ní 1927, gómìnà Gordon Guggisberg ṣí ilé ẹ̀kọ́ Achimota ní Accra, Aggrey sì jẹ́ igbákejì ọ̀gá ibẹ̀. Kíkọ́ ọmọ níwà wà lára àwọn ìlànà 16 tí Guggisberg là kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́.

Ṣùgbọ́n pàṣán kò kúrò lórí tábìlì. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tó wà ní gúúsù Nàìjíríà títí di òní fún olùkọ́ láyè láti na ọmọ láti tọ́ ọ sọ́nà. Ti àríwá, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, fi irú àyè kan náà sílẹ̀, bí kò bá ti pa ọmọ lára gidigidi.

1976, 1984 àti ìlà

Ní 1976, ìjọba ológun Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní ọdún kan náà ni Felicia Adebola Adedoyin kọ ẹ̀jẹ́ orílẹ̀-èdè tí àwọn ọmọ ń kà ní àpèjọ àárọ̀ títí di òní.

Àwọn ọmọ ya wọ ilé ẹ̀kọ́. Kíláàsì kún, olùkọ́ kò tó. Ìṣòro Lancaster tún dé: olùkọ́ kan, ọmọ rẹpẹtẹ.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1984, ìjọba Buhari àti Idiagbon bẹ̀rẹ̀ ogun ìwà àìtọ́, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí WAI. Títò sórí ìlà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ibùdókọ̀ àti ní ọ́fíìsì, ènìyàn tò nítorí ológun tó mú kòbókò dání.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1985, wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Buhari. Ẹ lọ sí ibùdókọ̀ lónìí, ẹ wo ìlà tó kù. Ìwà tí ẹ̀rù bá kọ́ni, bí ẹni tí a ń bẹ̀rù bá ti lọ, òun náà ń lọ ni.

Kí ni òfin sọ báyìí?

Ní 1990, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé. Ó ní ìbáwí ní ilé tàbí ní ilé ẹ̀kọ́ gbọdọ̀ bọ̀wọ̀ fún iyì ọmọ. Ní 1999 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

• Togo fòfin de nína ọmọ ní 2007, nínú ìwé òfin ọmọdé rẹ̀.

• Olómìnira Benin tẹ̀lé e pẹ̀lú ìwé òfin tirẹ̀ ní 2015.

• Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Nàìjíríà, ti 2003, ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fìyà tó ń bu iyì ọmọ kù jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn òfin àtijọ́ tó gba pàṣán láyè ṣì wà nínú ìwé.

• Ní Ghana, àjọ Ghana Education Service kọ̀wé sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019 pé kí wọ́n jáwọ́ nínú nína ọmọ.

Ohun tó yàtọ̀ ní ti Ghana ni pé wọ́n fún olùkọ́ ní ohun tó lè ṣe dípò pàṣán. Lára rẹ̀ ni kí olùkọ́ àti àwọn ọmọ jọ fẹnu kò lórí òfin kíláàsì, kí olùkọ́ máa yin ọmọ tó bá ṣe dáadáa, kó pààrọ̀ ìjókòó ọmọ tó ń dà kíláàsì rú, tàbí kó gba ipò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn olùkọ́ kan ṣàròyé, wọ́n ní ìjọba ti gba agbára lọ́wọ́ àwọn. Kò yẹ ká fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ń dá kọ́ ọgọ́ta ọmọ nínú yàrá tó gbóná mọ ohun tí a kò mọ̀.

Pátákó kan náà, ìlò ọ̀tọ̀

Ní 1969, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Barrish, Saunders àti Wolf, tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde. Wọ́n pín kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan sí ọ̀wọ́ méjì. Bí ẹnikẹ́ni bá rú òfin, olùkọ́ á fa ìlà kan sójú pátákó fún ọ̀wọ́ rẹ̀.

Ọ̀wọ́ tí ìlà rẹ̀ bá kéré jù ló ń gba ẹ̀san, irú bíi kí wọ́n tètè tò jáde fún oúnjẹ ọ̀sán. Bí ìlà ọ̀wọ́ méjèèjì kò bá sì pọ̀, gbogbo wọn ló jọ ń gbà á. Àwọn onímọ̀ náà rí i pé ariwo àti kíkúrò lórí ìjókòó dín kù púpọ̀.

Ṣọ́ọ̀kì àti pátákó náà ni wọ́n lò, bíi ti mónítọ̀ wa. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ló ń kọ ọ́, gbogbo ọmọ ló mọ òfin rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń gba bisikíìtì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Igba ọdún ìtàn yìí fi hàn pé bí ọmọ bá ti pọ̀ ju olùkọ́ lọ, ọ̀nà tó rọrùn jù ni ìjọba àti ilé ẹ̀kọ́ máa ń gbà: ẹgba, ìtìjú, tàbí kí ọmọ máa ṣọ́ ọmọ. Òfin tó gba pàṣán lọ́wọ́ tíṣà, tí kò sì dín ọgọ́ta ọmọ kù, iṣẹ́ ìdajì ló ṣe.

Ṣùgbọ́n oríyìn kò gba owó púpọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì Lancaster, wòlímọ̀ ilé kéwú àti pẹ́nì méje àtààbọ̀ Àjàyí fi hàn pé kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa.

Mo ṣì mọ orúkọ mónítọ̀ wa. Mi ò bínú sí i mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, àwọn àgbàlagbà ló gbé ṣọ́ọ̀kì lé e lọ́wọ́, tí wọ́n ní kó wá ẹni tó ṣẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé kó kọ orúkọ ọmọ tó yá ẹgbẹ́ rẹ̀ ní pẹ́ńsù.