Ìyá ajá tó ń kùn mọ́ ọmọ rẹ̀ kò kórìíra wọn: bí ajá ṣe ń tọ́ ọmọ, bó ṣe ń já wọn lẹ́nu ọmú

Nínú ilé tí wọ́n ti ń sin ajá, ohun kan wà tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ìyá ajá tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọmọ rẹ̀ lóṣù tó kọjá, òun náà ló tún wá ń kùn mọ́ àwọn ọmọ yìí, tó ń ṣí eyín sí wọn, tó sì ń dìde kúrò níbẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ mu ọmú. Àwọn kan á ní ó ti kórìíra wọn. Àwọn mìíràn á kúkú kó àwọn ọmọ náà lọ tà, wọ́n á ní ìyá wọn ti kọ̀ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé eyín tí ajá fi ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré, òun náà ló fi ń gé e jẹ. Iṣẹ́ ìyá ni kíkùn yẹn, ó sì ní ìgbà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa ń parí.

Kó tó bímọ

Oyún ajá máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 63, ìyẹn oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀. Bí ọjọ́ ìbímọ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, abo ajá á bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ̀rọ̀: abẹ́ àtẹ̀gùn, ẹ̀yìn ilé ìdáná, inú páálí. Á máa fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀, oúnjẹ sì lè má wù ú jẹ. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Ajá tí kò bímọ rí náà máa ń ṣe é. Ẹni tó bá rí èyí, kó wá ibi tó gbẹ, tí ariwo kò sí, kó sì tẹ́ aṣọ tó mọ́ síbẹ̀ fún un.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́

Nígbà tí wọ́n bá bí ọmọ ajá, ojú rẹ̀ kò tíì là, etí rẹ̀ náà kò tíì ṣí. Ara rẹ̀ kò lè dá mú ooru dúró, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbára jọ sábẹ́ ìyá wọn. Bí ìyá bá ti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan, á já awọ tó bò ó, á gé ìwọ́ rẹ̀, á sì máa lá a kó lè mí dáadáa. Lílá yìí kò tán síbẹ̀ o. Ọmọ ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé kò lè dá tọ̀, kò lè dá yàgbẹ́, àfi tí ìyá bá fi ahọ́n lá abẹ́ rẹ̀. Ìyá náà ló sì ń lá a kúrò nílẹ̀ kí ibùsùn wọn lè mọ́.

Omi ọmú tó kọ́kọ́ jáde ṣe pàtàkì gan-an. Inú rẹ̀ ni ohun tó ń bá àrùn jà wà, láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ ni ikùn ọmọ ajá sì lè gbà á wọ ara dáadáa. Èyí tí àwọn yòókù bá ń tì sẹ́yìn nínú wọn, kí ẹni tó ni ajá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sẹ́nu ọmú.

Lásìkò yìí, ajá tó tutù bí àdàbà lè gé ẹni tó mọ̀ dáadáa jẹ nítorí ọmọ rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọdé lọ ṣeré níbẹ̀. Bó bá gé èèyàn jẹ, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà nítorí àrùn dìgbòlugi.

Bí eyín bá ti yọ

Ojú ọmọ ajá máa ń là ní nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, eyín yìí sì mú bí abẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni ìyá á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dìde bí wọ́n bá ń mu ọmú lọ́wọ́. Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin, á máa pẹ́ kó tó padà wá bá wọn. Àwọn ìyá ajá mìíràn máa ń bi oúnjẹ tí wọ́n ti jẹ síwájú ọmọ wọn kí wọ́n lè jẹ ẹ́. Kì í ṣe àìsàn. Bí àwọn ẹranko ìdílé ajá ṣe ń bọ́ ọmọ wọn nínú igbó nìyẹn.

Bí ọmọ bá ge ọmú jẹ, ìyá á kọ́kọ́ kùn. Tí kò bá gbọ́, á ṣí eyín. Tó bá ṣì ṣorí kunkun, á fi ẹnu mú un lórí láìdá ọgbẹ́ sí i lára. Ẹ̀kọ́ ni. Ibẹ̀ ni ọmọ ajá ti ń mọ bí ó ṣe yẹ kí eyín òun le tó lára ẹlòmíì. Bí òun àtàwọn ọmọ ìyá rẹ̀ bá ń ṣeré, tí ọ̀kan gé èkejì jù, èyí á ké, eré á sì dúró.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin, kí wọ́n máa fún àwọn ọmọ ní oúnjẹ rírọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìrẹsì tó rọ̀ dáadáa pẹ̀lú ẹja tí wọ́n ti yọ eegun rẹ̀. Kí ata àti àlùbọ́sà má sí níbẹ̀. Májèlé ni àlùbọ́sà jẹ́ fún ajá. Wàrà màlúù sábà máa ń mú kí wọ́n ṣu. Ó yẹ kí ìyá náà ní ibi gíga tó lè fò lọ tí ọwọ́ wọn ò ní tó o. Ní ọ̀sẹ̀ keje sí ìkẹjọ, ọ̀pọ̀ wọn á ti kúrò lẹ́nu ọmú.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ̀rù bani

Bó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìyá ti ń ti ọmọ dànù, tí ara wọn tutù, tí wọ́n sì ń ké láìdákẹ́, ìyẹn yàtọ̀ sí jíjá lẹ́nu ọmú. Ẹ pe dókítà ẹranko. Bákan náà ni bí ọmú ìyá bá le, tó pọ́n, tó sì gbóná. Èyí tó burú jù ni kí ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú máa gbọ̀n, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa le gbagidi, kó máa mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó lè jẹ́ pé calcium ti tán lára rẹ̀, ó sì lè pa á lọ́jọ́ kan náà.

Kí ló dé tí wọ́n fi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ?

Àwọn tó ń tajá máa ń fẹ́ tà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, torí ó kéré, ó wuyì lójú oníbàárà, kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun púpọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1965, àwọn onímọ̀ ará Amẹ́ríkà méjì, John Paul Scott àti John L. Fuller, gbé ìwé jáde lórí ìwádìí ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí wọ́n ṣe nípa ìwà ajá. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá ni ọmọ ajá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ajá ẹgbẹ́ rẹ̀ àti èèyàn gbé. Èyí tí wọ́n mú kúrò lọ́dọ̀ ìyá láìtọ́jọ́ lè di oníbẹ̀rù tàbí ajá tó ń gé gbogbo èèyàn jẹ.

Ti àìsàn tún wà ńbẹ̀. Ohun tí ọmú fi ń dáàbò bò ó máa ń dínkù díẹ̀díẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára parvo máa ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì tún un gún. Ti dìgbòlugi máa ń jẹ́ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n gbé lọ sílé tuntun kò tíì gba ìkankan, ọmú ìyá náà sì ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọmọ ajá, kó béèrè ọ̀sẹ̀ tó pé, kó béèrè káàdì abẹ́rẹ́, kó sì ní òun fẹ́ rí ìyá rẹ̀. Bí ìyá bá ń kùn mọ́ àwọn ọmọ nígbà tó débẹ̀, kó má bẹ̀rù. Ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ni. Kí wọ́n jẹ́ kó parí ẹ̀.