Ogun Ọdún Mẹ́ta Tó Lé Ní Ọdún Mẹ́wàá Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Ogun Kòríà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 1950. Ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1953 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé kí ìbọn dákẹ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún mẹ́ta àti oṣù kan. Eré ẹ̀fẹ̀ tí CBS gbé jáde ní Amẹ́ríkà nípa ogun yìí, ìyẹn M*A*S*H, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1972, kò sì kógbá wọlé títí di ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1983. Apá rẹ̀ lé ní 250. Àwọn dókítà ológun inú eré náà wà lójú ogun ju ogun fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Àwọn tó fẹ́ràn eré àtijọ́ máa ń ṣa àṣìṣe inú rẹ̀ jọ bí ẹni ń ṣa àgbálùmọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì kọjá lọ. Lójú tèmi, àwa tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn kò gbọdọ̀ tètè kọjá. Ẹ jẹ́ ká fi Kọ́nẹ́ẹ̀lì Potter bẹ̀rẹ̀, nítorí tirẹ̀ ló burú jù.

Nígbà tí wọ́n mú Potter wọ inú eré ní ọdún 1975, ìwé àṣẹ tí Radar kà sọ ọjọ́ tí yóò dé ibùdó: 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1952. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí ogun fi parí, oṣù mẹ́wàá péré ni. Ṣùgbọ́n Potter lo ìpele mẹ́jọ nínú eré. Ní ìparí ọdún 1980, wọ́n wá ṣe apá kan tó ń jẹ́ "A War for All Seasons", tó bẹ̀rẹ̀ ní àìsùn ọdún tuntun 1950 tó sì parí ní ti 1951. Ta lẹ rò pé ó jókòó síbẹ̀ tó ń ṣe ọ̀gá? Potter kan náà, ẹni tí ìwé àṣẹ sọ pé kò tíì gúnlẹ̀. B.J. àti Winchester, tí àwọn náà dé lẹ́yìn, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ tún ka Kérésìmesì. Mẹ́ta ni ogun náà rí: 1950, 1951 àti 1952. Mẹ́rin ni mo kà nínú eré, Potter sì wà nínú mẹ́ta nínú wọn, bẹ́ẹ̀ Kérésìmesì kan ṣoṣo ló tọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ Hawkeye náà wà ńbẹ̀. Ní ọdún 1972 ó ń kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀, ó ní kí ó bá òun fẹnu ko ìyá òun àti àbúrò òun obìnrin lẹ́nu. Nígbà tó yá, a gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ti kú láti ìgbà tó wà lọ́mọdé, òun nìkan ni wọ́n sì bí. Radar ń ka ìwé ìtàn aláwòrán The Avengers, èyí tí kò jáde rárá títí di ọdún 1963. Harry Morgan tó ṣe Potter ti kọ́kọ́ wọlé ní ọdún 1974 gẹ́gẹ́ bí ọ̀gágun kan tí orí rẹ̀ dàrú, ọdún kan lẹ́yìn náà ó padà dé pẹ̀lú orúkọ mìíràn, kò sì sẹ́ni tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojú yín jọ ti ẹnìkan."

Kí ló fà á? Kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ òpè. Ní ọdún 1972, àwọn tó ń kọ eré kò ronú pé ẹnikẹ́ni yóò to apá kan ti ìkejì láti yẹ̀ ẹ́ wò. Eré á jáde lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n lè tún un fi hàn lẹ́ẹ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó tán nìyẹn. Ẹ̀rọ tí ń gba eré sílẹ̀ kò tíì wọ ilé àwọn èèyàn. Àwọn tó mọ ìtàn náà tinú-tẹ̀yìn kò sì dúró pẹ́: Larry Gelbart lọ lẹ́yìn ìpele kẹrin, Gene Reynolds lọ lẹ́yìn ìkarùn-ún. Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ní apá tuntun láti gbé jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ráyè wádìí bóyá Hawkeye ní àbúrò.

Ìdí kejì ló ṣe pàtàkì sí mi jù. Ogun Kòríà kọ́ ni gbogbo rẹ̀ dá lé lórí. Nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ṣì ń kú ní Vietnam, èyí tí ó sì ṣòro láti fi ṣe ẹ̀fẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Kòríà di aṣọ tí wọ́n fi bo ọ̀rọ̀. Irun ọkùnrin tó gùn ju ti sójà ọdún 1951 lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, ìbínú wọn sí ìjọba, ọdún 1970 sí òkè ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa ọdún 1951 kó má lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ogun ṣe rí lójú ará Amẹ́ríkà ní ọdún 1973, àṣìṣe wọ̀nyí gan-an ni ẹ̀rí rẹ̀.

Àwọn àṣìṣe kan tilẹ̀ wà tó dára ju ohun tí wọ́n pèrò lọ. Nígbà tí wọ́n ń ya ibi tí Radar ti wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láti kéde ikú Henry Blake ní ọdún 1975, irinṣẹ́ kan já bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, ó dún gbàù. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sínú ìwé eré. Gelbart fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ariwo yẹn ló sì ń dún sí etí mi jù nínú gbogbo eré náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1982 pẹ̀lú, iná igbó jó ibi tí wọ́n ti ń ya eré ní òkè Malibu, ní Kalifóníà. Wọ́n kọ iná náà sínú apá ìkẹyìn.

Èyí tí n kò lè rẹ́rìn-ín sí wà nínú ìpele àkọ́kọ́. Dókítà aláwọ̀ dúdú kan wà níbẹ̀ tí Timothy Brown ṣe, tí wọ́n fún ní orúkọ ìnagijẹ tó jẹ́ èébú gidi fún àwa dúdú. Láìpẹ́ ó pòórá, kò sí ó dàbọ̀. Àlàyé tó tàn kálẹ̀ jù ni pé wọ́n gbọ́ pé kò sí oníṣẹ́ abẹ aláwọ̀ dúdú ní irú ilé ìwòsàn ológun bẹ́ẹ̀ ní Kòríà. Bẹ́ẹ̀, wọ́n wà níbẹ̀. Ààrẹ Truman ti pàṣẹ láti ọdún 1948 pé kí wọ́n yé ya dúdú sọ́tọ̀ nínú iṣẹ́ ológun. Wọ́n fi Potter sílẹ̀ nínú ọdún tí kò sí níbẹ̀, wọ́n sì yọ ẹni tó wà níbẹ̀ kúrò.

Àwọn ọmọ Kòríà gan-an ńkọ́? Pat Morita, ọmọ Amẹ́ríkà tí ìdílé rẹ̀ wá láti Jàpáánù, ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá sójà Kòríà ní ìpele kejì. Nínú apá ìkẹyìn, Klinger, tó ti fi ọdún púpọ̀ wọ aṣọ obìnrin kí wọ́n lè dá a padà sílé, pinnu láti dúró ní Kòríà nítorí Soon-Lee, kí wọ́n lè jọ wá àwọn òbí rẹ̀ tí ogun gbá lọ. Rosalind Chao ló ṣe Soon-Lee. Kalifóníà ni wọ́n ti bí i, ìdílé Ṣáínà ló ti wá.