Nígbà tí Ogun Fi Ọ̀dà Kun Ojú Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lálẹ́ òní lè dà bí ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ lójú ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àwọ̀ irin oníhò tí ó wà níwájú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni, èyí tí à ń pè ní gíríìlì. Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Irin yìí sì ni ojú ọkọ̀. Bí ẹnìkan bá mú ọkọ̀ rẹ̀ tọ ẹni tí ń kun ọkọ̀ lọ, pé kí ó bá òun sọ gíríìlì dídán di dúdú, ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà ní Amẹ́ríkà tí kì í ṣe ìfẹ́ inú ẹnikẹ́ni: ìjọba ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n fi ọ̀dà bo ojú ọkọ̀. Kí ni ó fà á?

Kí a tó dé orí àṣẹ náà, ó yẹ kí á mọ bí ọkọ̀ ṣe ní ojú. Iná ni ó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì. Bí a kò bá fi omi tù ú, yóò bàjẹ́. Omi náà pẹ̀lú a máa gbóná, nítorí náà ó ní láti gba ibi tí afẹ́fẹ́ yóò ti fẹ́ sí i kọjá, kí ó tó padà sínú ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ ni rédíétọ̀. Ní 1900, Wilhelm Maybach, ará Jámánì, ṣe rédíétọ̀ kan fún ọkọ̀ Mercedes àkọ́kọ́: ó kó páìpù wínníwínní tí iye wọn lé ní 8,000 jọ bí afárá oyin, ó sì gbé e síwájú ọkọ̀ gan-an, níbi tí gbogbo ayé yóò ti rí i.

Idẹ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ará ìgbà náà fi ń ṣe ojú yìí lọ́ṣọ̀ọ́. Idẹ a máa dán, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ọ̀lẹ. Ẹni tí ó bá ti nu àtùpà idẹ rí mọ ohun tí mo ń wí. Ford Model T, tí ó jáde ní 1908, gbé ojú idẹ wá. Láti 1914 ni Henry Ford ti pinnu pé ọ̀dà dúdú nìkan ni wọn yóò máa kùn ún, kò sì yí ìpinnu náà padà títí di 1925. Ní 1916 ni ó kan ojú ọkọ̀ náà: fún ọkọ̀ ti ọdún 1917, wọ́n pa idẹ tì, wọ́n fi irin tí a kùn ní dúdú rọ́pò rẹ̀. Ford ń wá bí owó ọkọ̀ náà yóò ṣe máa wálẹ̀, kí àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ lè rà á, idẹ sì wọ́n ju irin lọ. Nígbà tí ó yá, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń ta ọkọ̀ aláwọ̀ mèremère, oníbàárà sì ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Ni Ford bá yí ohùn padà. Ní 1926 ó mú àwọ̀ mìíràn wọlé, ó sì ń fi níkẹ́ẹ̀lì bo ojú ọkọ̀. Ẹ ò rí i pé láàárín ọdún mẹ́wàá, ojú ọkọ̀ kan ṣoṣo pọ́n bí idẹ, ó dúdú, ó sì tún funfun báláú.

Níkẹ́ẹ̀lì ní àbùkù tirẹ̀: a máa ṣú. Ní Yunifásítì Columbia ní New York, ní àwọn ọdún 1920, Colin Fink ṣe iṣẹ́ pàtàkì lórí bí a ṣe lè fi iná mànàmáná lẹ krómíọ̀mù mọ́ ara irin. Krómíọ̀mù kì í ṣú. Àkísà tí a rẹ sínú omi ti tó fún un. Kí ọdún 1930 tó dé, ó ti gbòde. Ṣùgbọ́n krómíọ̀mù tí ojú ń rí yìí fẹ́lẹ́ púpọ̀. Bàbà ni ó sábà máa ń wà nísàlẹ̀, níkẹ́ẹ̀lì a lé e lórí, kí krómíọ̀mù tó wá bò wọ́n bí ìpara. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1941, àwọn ará Japan ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor, Amẹ́ríkà sì wọ Ogun Àgbáyé Kejì. Nínú bàbà ni idẹ tí a fi ń ṣe ìkarahun ọta ti ń wá. Níkẹ́ẹ̀lì àti krómíọ̀mù ni a ń pò mọ́ irin kí ó lè le tó fún ọkọ̀ ogun àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú. Bẹ́ẹ̀ ni Amẹ́ríkà kò sì ní krómíọ̀mù púpọ̀ nínú ilẹ̀ ara rẹ̀. Láti òkè òkun ni ó ti ń rà á: láti Gúúsù Áfíríkà, láti ilẹ̀ tí a ń pè ní Rhodesia nígbà náà tí ó di Zimbabwe ní 1980, láti Turkey, àti láti Philippines tí Japan gbà ní 1942. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì sì ń rì ọkọ̀ ẹrù lójú òkun Atlantic. (A kì í sábà rántí pé àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú ni ó wà nínú kòtò tí wọ́n ti ń wa púpọ̀ nínú ohun tí ó mú ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn dán.)

Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní 1942, àṣẹ ìjọba ni pé ọkọ̀ tuntun kò gbọdọ̀ ní irin dídán lára mọ́, àfi bọ́ńpà. Àwọn kan kun gíríìlì wọn ní àwọ̀ ara ọkọ̀, àwọn mìíràn kùn ún ní àwọ̀ eérú. Ṣùgbọ́n gíríìlì dídán tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní kí wọ́n fi ọ̀dà bo òun náà.

Ẹnìkan lè sọ pé ìwà òmùgọ̀ ni èyí, nítorí pé bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ti lẹ̀ mọ́ irin náà ná, ọta kan kò sì lè ti ibẹ̀ jáde mọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ ńlá tí ó ní irin pamọ́ bá ń ta ọkọ̀ dídán, tí ilé iṣẹ́ kékeré tí kò ní sì ń ta ọkọ̀ ọlọ́dà, ta ni yóò ra ti ẹnìkejì? Àti pé ìyá tí ọmọ rẹ̀ wọkọ̀ lọ sójú ogun, ojú wo ni yóò fi wo aládùúgbò tí ọkọ̀ tuntun rẹ̀ ń dán gbinrin? Irin kọ́ ni ọ̀dà náà dáàbò bò. Ó dáàbò bo ọgbọọgba láàárín ọlọ́jà àti ọlọ́jà, àti láàárín ilé àti ilé.

Orúkọ tí wọ́n sọ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì jọ orúkọ tí a fi ń pe pípa iná ìlú ní òru nítorí bọ́ǹbù. Ó ti ṣi àwọn kan lọ́nà, wọ́n rò pé kí ọ̀tá má baà rí ọkọ̀ láti òfurufú ni wọ́n ṣe kun gíríìlì. Bí ìyẹn bá ni ìdí rẹ̀, bọ́ńpà ì bá ti kọ́kọ́ gba ọ̀dà.

Àṣẹ náà kò pẹ́ lórí ọkọ̀ tuntun. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì 1942 ni Ford ṣe ọkọ̀ aráàlú tí ó kẹ́yìn, àwọn yòókù náà sì dáwọ́ dúró ní àkókò náà. Láti ìgbà náà, jíìpù ni ó gba ilé iṣẹ́. Irin pẹlẹbẹ tí a jó pọ̀ ni Willys kọ́kọ́ fi ṣe gíríìlì tirẹ̀. Ford fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde lára páànù kan ṣoṣo tí ó ní ihò gbọọrọ 9, ó fúyẹ́, kò sì wọ́n, Willys náà sì gbà á lò. Àwọ̀ ewé ògbó ni wọ́n kùn ún. Ojú tí àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà mọ̀ nìyẹn, tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú wọn, nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà jíìpù gba inú òkè lọ sí àfonífojì Kaladan ní Burma.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje 1945 ni ọkọ̀ aráàlú tún jáde ní Ford. Àwọn ilé iṣẹ́ kò tíì ní ọkọ̀ tuntun láti tà; ara ọkọ̀ 1942 ni ọ̀pọ̀ wọn gbé padà wá ní 1946. Ojú nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Wọ́n fi krómíọ̀mù sí gíríìlì tuntun, àwọn ènìyàn sì ń tò láti rà á. Ogun Korea tún mú níkẹ́ẹ̀lì wọ́n ní 1951 àti 1952, débi pé krómíọ̀mù ìgbà náà tètè ń dípẹtà. Nígbà tí ó fi máa di 1958, gíríìlì Buick nìkan ní 160 ẹyọ irin dídán onígun mẹ́rin.

Díẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ọlọ́dà ti 1942 ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tí ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́. Ẹni tí ó bá rí ọ̀kan, tí ó rí i pé onílé kan ti bọ́ ọ̀dà rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ogun tí ó sì ti fi krómíọ̀mù bò ó, yóò ní láti pinnu èyí tí yóò dá padà sí ojú rẹ̀.