Àwọn obìnrin nínú iṣẹ́ ìwé ní Yúróòpù àtijọ́

Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ kọ ìwé sórí awọ ẹran títí di ìgbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbòde, àwọn obìnrin wà nídìí iṣẹ́ ìwé ní Yúróòpù. Wọ́n da ìwé kọ, wọ́n ya àwòrán sí i, wọ́n to lẹ́tà òjé, wọ́n ni ilé ìtẹ̀wé, wọ́n ta ìwé, wọ́n sì kọ tiwọn. Orúkọ wọn ló ṣọ̀wọ́n. Nínú àwọn tí orúkọ wọn hàn, opó ló pọ̀ jù, torí pé ikú ọkọ ló sáàbà máa ń sọ obìnrin tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà tipẹ́ di ọ̀gá lójú òfin. Àyọkà yìí dúró lórí ìtẹ̀wé ju ìwé kíkọ lọ, nítorí àwọn òǹtẹ̀wé fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀: ìwé ìṣirò owó, ìwé ìpíngún, ìwé orúkọ ẹgbẹ́, àti orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́ tàbí èyí tó kẹ́yìn.

Kí ẹ̀rọ tó dé

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá àti kejìlá, ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́, àwọn tí à ń pè ní sísítà, wà lára ibi tí wọ́n ti ń da ìwé kọ. Diemut ti ìlú Wessobrunn ní Jámánì, tó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá nítorí àdúrà, da ìwé bí 45 kọ. Guda, sísítà kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, ya ara rẹ̀ sínú lẹ́tà ńlá kan nínú ìwé ìwàásù, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun lòun kọ ìwé náà, òun náà lòun yàwòrán rẹ̀.

Ẹ̀rí kan wá láti inú eyín òkú. Ní 2019, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé iṣẹ́ jáde lórí egungun obìnrin kan tí wọ́n sin sí ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní Dalheim, Jámánì, láàárín ọdún 997 sí 1162. Nínú ìdọ̀tí tó ti gan mọ́ eyín rẹ̀ ni wọ́n ti rí èérún òkúta lapis lazuli. Òkúta yìí ni wọ́n ń lọ̀ ṣe aró búlúù fún àwòrán inú ìwé. Afghanistan ló ti ń wá nígbà náà, owó gọbọi ni wọ́n sì fi ń rà á. Àlàyé tí àwọn olùwádìí fara mọ́ jù ni pé ayàwòrán ìwé ni obìnrin náà, tó máa ń ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ẹnu kí imú rẹ̀ lè mú ṣóńṣó. Aró tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀, kò jọ ohun tí wọ́n máa fi lé ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Christine de Pizan tilẹ̀ fi ìwé ṣe oúnjẹ jẹ. Ìlú Venice ni wọ́n bí i sí ní 1364, ààfin ọba Faransé ní Párís ló sì gbé dàgbà. Kò tíì ju ọmọ ọdún 25 tàbí 26 lọ nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tó fi ọmọ àti gbèsè sílẹ̀ fún un. Ó mú kálàmù. Ó kọ ewì, ó kọ ìtàn ìgbésí ayé ọba, ó sì kọ ìwé tó fi gbèjà obìnrin ní 1405, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní Cité des dames. Lójú tèmi, èyí tó yẹ kí a máa tẹnu mọ́ jù ni pé òun fúnra rẹ̀ ló ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń da àwọn ìwé náà kọ àti bí wọ́n ṣe ń ya wọ́n láwòrán kí wọ́n tó gbé wọn fún ọba àti ìjòyè. Ọ̀kan tó ṣe fún Ọbabìnrin Isabeau ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní. Ó tún dárúkọ ayàwòrán obìnrin kan ní Párís, Anastasia, ó ní kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà tó o láàárín ìlú.

Ta ló kọ́kọ́ tẹ̀wé?

Nǹkan bí ọdún 1450 sí 1455 ni Gutenberg bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé ní Mainz. Kò pé 30 ọdún lẹ́yìn náà tí obìnrin fi fara hàn nídìí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ló ṣáájú kò rọrùn láti fi gbogbo ẹnu sọ.

Estellina Conat, ìyàwó òǹtẹ̀wé Júù kan ní Mantua, Ítálì, tẹ ìwé Hébérù kan, Behinat Olam, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìparí rẹ̀ pé òun lòun ṣe é, tí ọ̀dọ́kùnrin kan sì ran òun lọ́wọ́. Ìwé náà kò ní déètì nínú. Àwọn onímọ̀ máa ń fi í sí nǹkan bí 1476 tàbí ọdún tó súnmọ́ ọn. Ọdún 1476 yìí kan náà ni ilé ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ nínú ilé àwọn sísítà San Jacopo di Ripoli ní Florence. Àwọn àlùfáà méjì ló dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn sísítà wà lára àwọn tó ń to lẹ́tà, ìwé ìṣirò owó ibẹ̀ tó ṣẹ́ kù sì fi owó tí wọ́n san fún wọn hàn. Títí ilé náà fi kógbá sílé ní 1484, ó ti tẹ ìwé àdúrà, ìwé ìtàn, àti iṣẹ́ Plato ní èdè Látìn. Anna Rügerin ti Augsburg ní Jámánì ní tirẹ̀ tẹ ìwé méjì ní 1484, orúkọ rẹ̀ àti déètì sì wà nínú méjèèjì.

Bó bá jẹ́ ẹni tí orúkọ àti déètì rẹ̀ jọ wà lójú ìwé là ń wá, Rügerin ló mú un. Bó bá jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú ìwé pé òun lòun tẹ̀ ẹ́, ó jọ pé Estellina ni, bí ọdún tí wọ́n fojú díwọ̀n bá tọ̀nà. Àwọn sísítà Ripoli kò bá ẹnikẹ́ni du ipò. Owó iṣẹ́ wọn nìkan ni ìwé ìṣirò kọ sílẹ̀.

Àwọn opó Párís àti Lọ́ńdọ̀nù

Ilé ìtẹ̀wé ìgbà náà, ilé gbígbé ni. Ọkọ, ìyàwó, ọmọ, ọmọ iṣẹ́ àti àwọn alágbàṣe ń gbé lábẹ́ òrùlé kan, ẹ̀rọ sì ń lu lójúmọ́. Òfin ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú gba opó láyè láti máa bá iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ lọ. Bó bá fẹ́ ọkọ mìíràn tí kì í ṣe òǹtẹ̀wé, ẹ̀tọ́ náà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ opó fi fẹ́ òǹtẹ̀wé mìíràn, nígbà mìíràn ọmọ iṣẹ́ ọkọ wọn gan-an.

Charlotte Guillard ni àkọsílẹ̀ nípa rẹ̀ kún jù. Ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Berthold Rembolt, jẹ́ alábàáṣiṣẹ́ Ulrich Gering, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé Párís ní 1470. Nígbà tí Rembolt kú, obìnrin yìí fẹ́ òǹtàwé Claude Chevallon. Chevallon náà kú ní 1537. Láti ìgbà náà títí ó fi kú ní 1557, Guillard dá ilé Soleil d'Or tó wà ní òpópó Saint-Jacques darí, ìwé tó jáde lábẹ́ rẹ̀ sì lé ní 150. Ìwé àwọn Bàbá Ìjọ àti ìwé òfin ni ọjà rẹ̀, ìyẹn àwọn ìwé gbàǹgbà olówó iyebíye tó ń fẹ́ kí ènìyàn lówó lọ́wọ́ kó tó dáwọ́ lé wọn. Bíṣọ́ọ̀bù Lippomano láti Ítálì kọjá gbogbo òǹtẹ̀wé ilẹ̀ rẹ̀ wá gbé iṣẹ́ fún un. Ní 1552, lẹ́tà kan sí òǹkàwé jáde lórúkọ rẹ̀ níwájú ìwé atúmọ̀ èdè Gíríìkì sí Látìn tí Jacques Toussain ṣe.

Ní òpópó yẹn kan náà ni Yolande Bonhomme wà, opó Thielman Kerver tó kú ní 1522. Ìwé àdúrà ni Bonhomme mọ̀ jù. Ní 1526 ó tẹ Bíbélì, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, Elizabeth Pickering, opó Robert Redman, tẹ̀wé láàárín 1540 àti 1541, pàápàá ìwé òfin, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí a rí orúkọ rẹ̀ lára ìwé tó tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ tó fi fẹ́ agbẹjọ́rò, ilé iṣẹ́ náà sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Tace Sowle yàtọ̀ sí wọn, torí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti jogún iṣẹ́. Òǹtẹ̀wé àwọn Quaker, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Kristẹni kan, ni bàbá rẹ̀, Andrew Sowle. Ní 1691, tí ojú bàbá kò ríran dáadáa mọ́, ọmọ gba ilé iṣẹ́, ó sì gba fírídọ̀mù, ìyẹn ẹ̀tọ́ ọmọ ẹgbẹ́, nínú Stationers, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ìwé Lọ́ńdọ̀nù, ní 1695. Ó tó 50 ọdún tó fi wà nídìí rẹ̀. Òǹtàwé John Dunton, tó mọ àwọn òǹtẹ̀wé Lọ́ńdọ̀nù dáadáa, jẹ́rìí pé ó mọ lẹ́tà tò. Iṣẹ́ yẹn kì í ṣe eré: atòlẹ́tà á di igi ìtòlẹ́tà mú ní ọwọ́ òsì, á máa fi ọwọ́ ọ̀tún ṣa òjé kéékèèké lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú àpótí onílé púpọ̀, gbogbo lẹ́tà náà ló kọ òdì, ìlà á sì dorí kodò lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n á fọ òjé, wọ́n á tún dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí ilé tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé dunjú kò lè ṣe é. Èyí ló fà á tí n kò fi fara mọ́ àwọn tó máa ń sọ pé ṣe ni àwọn opó kàn ń jókòó ti ọjà ọkọ wọn.

Amẹ́ríkà

Àṣà opó yìí bá ẹ̀rọ kọjá òkun. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ní 1738, Elizabeth Timothy gba ìwé ìròyìn South Carolina Gazette ní Charleston. Benjamin Franklin, tó ń bá wọn pín èrè, kọ ọ́ pé ìṣirò owó tirẹ̀ já gaara ju ti ọkọ rẹ̀ lọ. Mary Katherine Goddard ti Baltimore ló tẹ Ìkéde Òmìnira Amẹ́ríkà jáde ní January 1777 pẹ̀lú orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i, ìgbà àkọ́kọ́ tí orúkọ wọn jáde nìyẹn, ó sì fi orúkọ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Àwọn òǹkọ̀wé

Aphra Behn, tó kú ní 1689, wà lára àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tó fi ìwé kíkọ ṣe iṣẹ́ ajé. Phillis Wheatley, ọmọdébìnrin tí wọ́n kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ sí Boston ní 1761, kò rí ẹni tó máa tẹ ewì rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni ìwé náà ti jáde ní 1773, pẹ̀lú ẹ̀rí tí àwọn ọkùnrin Boston 18 fọwọ́ sí pé òun ló kọ ọ́ lóòótọ́. Ìwé àkọ́kọ́ Jane Austen jáde ní 1811 láìní orúkọ rẹ̀ lára. Òun ló sì fara mọ́ ewu owó tó bá sọnù. Àwọn ọmọ Brontë mẹ́ta fi orúkọ Bell bojú lára ìwé wọn ní 1846, ẹ̀dà méjì péré ni wọ́n tà nínú rẹ̀. Òfin Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí obìnrin tó wà nílé ọkọ ní owó tó pa títí àtúnṣe fi dé ní 1870 àti 1882.

Láti Victoria Press dé ilẹ̀ Yorùbá

Bí ilé ìtẹ̀wé ṣe kúrò nínú ilé gbígbé tó di fáktórì, ẹgbẹ́ àwọn atòlẹ́tà ọkùnrin ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn obìnrin. Ní 1860, Emily Faithfull ṣí Victoria Press ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gba àwọn ọmọbìnrin síbẹ̀ láti to lẹ́tà, àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ náà sì bínú gidigidi. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Ọbabìnrin Victoria sọ Faithfull di òǹtẹ̀wé tirẹ̀.

Ṣáájú Faithfull ni Hannah Kilham, obìnrin Quaker ará Sheffield, opó òun náà, ti lọ sí Sàró. Ó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1828: èdè bí 30, tí Akú, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀, wà lára wọn. Ọdún 15 ni èyí fi ṣáájú ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther gbé jáde ní 1843. Ojú òkun ni Kilham kú sí ní 1832. Sarah Tucker kọ ìwé lórí Abẹ́òkúta ní 1853 láti inú lẹ́tà àwọn míṣọ́nnárì. Anna Hinderer ní tirẹ̀ gbé Ìbàdàn láti 1853 títí di 1869, ogun Ìjàyè sì ká a mọ́ ibẹ̀. Ó kú ní 1870. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó lẹ́tà àti ìwé ìrántí rẹ̀ jọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1872, àwọn òpìtàn tó ń kọ nípa Ìbàdàn ìgbà náà sì ń lò ó.